Counterclaim: pípe olùpẹjọ́ lẹ́jọ́ padà

Counterclaim ni ẹjọ́ tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ pè padà sí ẹni tó kọ́kọ́ pè é, nínú ẹjọ́ kan náà àti níwájú adájọ́ kan náà. Inú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ló ti ń wáyé: ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, ẹjọ́ àdéhùn iṣẹ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ni Yorùbá ń wí, ṣùgbọ́n counterclaim ju kí adájọ́ gbọ́ tẹnu ìhà kejì lọ. Ìgbèjà ni ìyẹn. Ẹni tó ń gbèjà ara rẹ̀ ń sọ pé “mi ò jẹ ẹ́”. Ẹni tó pe counterclaim ń sọ pé “ìwọ gan-an lo jẹ mí”, ó sì fẹ́ kí adájọ́ bá òun gbà á.

Ká mú kọ́ńtírátọ̀ kan tó gbé onílé lọ sí kóòtù nítorí owó iṣẹ́ tó kù, ₦1,800,000. Onílé fèsì pé òjò àkọ́kọ́ ni òrùlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, pé sílíǹgì pálọ̀ ti já bọ́, àti pé ₦2,500,000 lòun san fún ẹlòmíì tó wá tún un ṣe. Bó bá fi ọ̀rọ̀ òrùlé yìí sínú ìgbèjà nìkan, ohun tó lè rí níbẹ̀ kò ju pé kí adájọ́ ní kó má san owó náà. Bó bá pe counterclaim, tí àwọn méjèèjì sì fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, adájọ́ lè yọ owó kan nínú èkejì, kí kọ́ńtírátọ̀ tó wá gba owó sì di ẹni tí yóò san ₦700,000.

Ẹjọ́ tó dá dúró

Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni counterclaim, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹjọ́ mìíràn ló gùn wọ kóòtù. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà ti sọ èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Olùjẹ́jọ́ yóò san owó ìforúkọsílẹ̀ fún un bí ẹni tó ń pe ẹjọ́ tuntun, yóò kọ ohun tó ń bèèrè sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá. Ìlànà Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2004, tí ìlànà tuntun ti rọ́pò báyìí, fún un ní ọjọ́ 42 nígbà náà, láti ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti kó ìgbèjà àti counterclaim rẹ̀ wá.

Bí olùpẹjọ́ bá fa ẹjọ́ tirẹ̀ padà, tàbí tí adájọ́ da á nù, counterclaim ṣì wà nílẹ̀, wọn yóò sì máa gbọ́ ọ lọ. Olùpẹjọ́ tó bá rò pé òun lòun gbé ẹjọ́ wá, tí kò wá kọ ìgbèjà sí counterclaim, lè rí i pé adájọ́ ti dá a lẹ́bi lórí ohun tí kò jiyàn sí.

Níbi ẹjọ́ ilẹ̀ ni àìmọ èyí ti ń pa ènìyàn lára jù. Ẹbí kan pe ẹbí kejì lẹ́jọ́ pé àwọn ló nilẹ̀. Ẹ̀rí wọn kò tó, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ijó bẹ́ sílẹ̀ lójúde kóòtù. Àwọn tó ń jó kò mọ̀ pé adájọ́ kò tíì sọ pé àwọn lonílẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé ẹbí àkọ́kọ́ kò fi hàn pé tiwọn ni. Ẹbí tó bá fẹ́ kí kóòtù kéde pé ilẹ̀ di tiwọn gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ nínú counterclaim, kí wọ́n sì gba ọ̀kan nínú ọ̀nà márùn-ún tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là sílẹ̀ ní 1976: ìtàn bí ilẹ̀ ṣe jẹ́ ti baba ńlá wọn, ìwé tó fi ẹ̀tọ́ hàn, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò lè gun àìlera ẹ̀rí ẹbí àkọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Set-off àti cross action

Set-off, ìyẹn yíyọ gbèsè nínú gbèsè, ti wà ṣáájú counterclaim. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di 1729, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè gba gbogbo owó rẹ̀ ní kóòtù, kódà kí wọ́n torí rẹ̀ ti onígbèsè mọ́lé, bí òun náà tilẹ̀ jẹ onígbèsè yìí lówó. Òfin ọdún náà ló gbà kí wọ́n fi gbèsè kan yọ èkejì. Apata ni set-off: owó tó ní iye pàtó ni wọ́n ń fi í yọ, kò sì lè ju kí gbèsè di òfo.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gbà ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ lọ pe cross action, ẹjọ́ mìíràn pátápátá tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Òfin Judicature Act ti 1873, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1875, ló fún olùjẹ́jọ́ láyè láti pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Cross action kò parẹ́ síbẹ̀. Bí mọ́tò méjì bá forí gbárí, tí àwọn onímọ́tò méjèèjì sì sáré pe ara wọn lẹ́jọ́, adájọ́ lè pa ẹjọ́ méjèèjì pọ̀ kó gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Orúkọ wọn níbòmíràn

Ní Amẹ́ríkà, Rule 13 nínú ìlànà kóòtù ìjọba àpapọ̀ ti 1938 sọ ọ́ di dandan: counterclaim tó bá ti inú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà jáde, ẹni tí kò pè é lásìkò lè pàdánù rẹ̀. Crossclaim ni wọ́n ń pe ti olùjẹ́jọ́ sí olùjẹ́jọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. California kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan, cross-complaint, èyí tó máa ń dàrú mọ́ àwọn lọ́yà tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn lójú.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń lo òfin aláwọ̀ Faransé, demande reconventionnelle ni. Ní Brazil, reconvenção. Èdè Látìn ni orúkọ méjèèjì ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí “pípè lẹ́jọ́ padà”. Lábẹ́ òfin Brazil ti 1973, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Òfin ti 2015 fi í sínú ìwé ìgbèjà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Artigo 343 pé bí olùpẹjọ́ bá tilẹ̀ fa ẹjọ́ rẹ̀ padà, wọn yóò máa gbọ́ reconvenção lọ.