Bí wọ́n ṣe ń wá ìtàn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ilé búrẹ́dì kan tó wà l'Ókè-Àdó láyé ọjọ́un, tàbí ti ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Gbági àtijọ́, á rò pé tóun bá ti dé National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n á kàn fa fáìlì tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sí lára yọ fóun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ́fíìsì tó kọ ìwé tàbí tó gbà á ni wọ́n fi ń to ìwé ibẹ̀, kì í ṣe ohun tí ìwé ń sọ. Ti D.O., ìyẹn District Officer, òyìnbó ìjọba tó ń bójú tó agbègbè kan, wà lọ́tọ̀, ti prófínsì wà lọ́tọ̀, ti olú ọ́fíìsì ìjọba tó wà l'Ékòó náà wà lọ́tọ̀, gbogbo wọn ló ní àmì tiwọn: Iba Div ni ti D.O. Ìbàdàn, Iba Prof àti Oyo Prof ni ti prófínsì, CSO ni ti olú ọ́fíìsì Èkó. Ìbàdàn sì wà lábẹ́ Oyo Province fún ọdún gbọọrọ, ẹni tó bá ní òun ò wo Oyo Prof torí ọmọ Ìbàdàn lòun ń wá, ó ti fi ẹran sílẹ̀ mu omi ọbẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn gbé lọ síbẹ̀ ni pé, níbo ni òwò yìí ti bá ìjọba pàdé? Ṣé ó tọrọ láísẹ́ǹsì ọtí tàbí ti kòkó ni, àbí ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ torí owó orí tí wọ́n bù fún un ti pọ̀ jù, àbí òun àti ẹnì kan jà sí ilẹ̀? Ibi tí wàhálà bá ti wà ni ìwé máa ń pọ̀ sí. Ẹ wo Salami Agbaje, gbajúmọ̀ oníṣòwò Ìbàdàn ìgbà yẹn, nígbà tí àwọn ìjòyè fẹ́ kí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè lẹ́yìn 1949, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ẹjọ́ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kún inú ìwé títí dòní. Oníṣòwò tó ta ọjà ẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ogójì ọdún, tó ń san owó orí lásìkò, tí ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun gan-an ló ṣòroó rí.

Kéèyàn tó débẹ̀ rárá, ilé ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó béèrè rìsíìtì àtijọ́, álímánáàkì ẹgbẹ́, fọ́tò tí sáìnbọ́ọ̀dù hàn nínú ẹ̀, tí Omíyalé ò bá tíì gbé wọn lọ, torí omi Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ 1980 yẹn, kì í ṣe èèyàn àti ilé nìkan ló bá lọ. Tí wọ́n bá rí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ṣọ́ọ̀bù náà kọ, òkè ìwé yẹn, níbi tí wọ́n tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì sí, ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà dáadáa. Orúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ máa ń yí padà, ó lè jẹ́ "& Sons" lónìí, kó di "Stores" lọ́la. Nọ́ńbà P.O. Box kì í sábà yí, tí ẹ bá rí orúkọ méjì lórí àpótí kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òwò kan náà ni. Nọ́ńbà ilé ti Ìbàdàn náà wúlò gan-an, irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S.W.8 tàbí N6 yẹn, torí wọ́n lè yí orúkọ àdúgbò tàbí ti títì padà kí nọ́ńbà yẹn ṣì wà lára ògiri.

Láti ibẹ̀, ó di láíbìrì. Kenneth Dike Library náà wà nínú ọgbà kan náà, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe agbátẹrù bí wọ́n ṣe dá Nigerian Record Office sílẹ̀ ní 1954 ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí tó padà di National Archives. Ìwé ìròyìn ni kí wọ́n béèrè níbẹ̀. Nigerian Tribune bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1949, ẹni tó bá ń wá ohun tó ṣáájú ìyẹn lè wo Yoruba News tí D. A. Obasa dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1924. Kò sẹ́ni tó máa ka gbogbo ẹ̀ tán o. Àsìkò Kérésì àti Iléyá ni kéèyàn ṣí, torí ìgbà yẹn ni oníṣọ́ọ̀bù máa ń sanwó kí wọ́n fi orúkọ òun kí àwọn kọ́sítọ́mà. Ìpolówó ìrántí olóògbé náà dáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni yìí ló dá ilé iṣẹ́ báyìí sílẹ̀, wọ́n á fi ọjọ́ ikú ẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ń wá, iṣẹ́ dínkù, ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ tàbí ìkẹyìn ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ni orúkọ àti àdírẹ́sì wọn máa ń wà.

Ilẹ̀ tún ni ọ̀nà mìíràn. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ n'Ìbàdàn máa ń ní nọ́ńbà, ojú ewé àti fọ́líọ́ọ̀mù (volume), tí lọ́yà máa ń kà bí orin, nọ́ńbà báyìí ní ojú ewé báyìí nínú fọ́líọ́ọ̀mù báyìí. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lè béèrè ẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Àgodi. Nínú ìwé náà, wọ́n á kọ iṣẹ́ ẹni tó rà á, wọ́n á tún kọ ẹni tó bá a pààlà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ni, ẹ ti rí aládùúgbò ẹ̀ nìyẹn.

Ti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, rọrùn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wo orúkọ ilé iṣẹ́. Nọ́ńbà RC, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, ń tẹ̀léra ni, èyí tó bá kéré ló pẹ́ jù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Agbẹni àti Ògùnpa ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan láyé wọn, àìsí níbẹ̀ ò ní kó jẹ́ irọ́. Ẹni tó bá sì rí i pé ilé búrẹ́dì tàbí ṣọ́ọ̀bù Lẹ́bánónì kan dédé yí ọwọ́ padà láàárín 1972 sí 1974, kó rántí òfin ìjọba ológun tó ní kí àjèjì fi irú òwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, búrẹ́dì wà lára wọn.

Orúkọ ló máa ń da àwọn tó ń wá ìtàn láàmú jù. Àwọn kíláàkì ò fi àmì sí i, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, Súnmọ́nù kan lè jẹ́ Sunmonu, Sumonu, Sumanu nínú fáìlì kan ṣoṣo. Tó bá wá lọ sí Mẹ́kà, á di Alhaji, wọ́n á fi orúkọ mìíràn lé e. Ti àwọn ìyálọ́jà tún le ju ìyẹn lọ, "Madam" báyìí nìkan ni wọ́n máa kọ, nígbà mìíràn orúkọ ọkọ ni wọ́n fi pè é. Oríkì àti àwo orin àtijọ́ tí wọ́n fi kì wọ́n ló ń gbà wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, olórin á dárúkọ ìyá, ohun tó ń tà, àdúgbò ẹ̀, kì í kàn sọ ọdún ni.

Tí wọ́n bá dé ákáíìfù wàyí, kí wọ́n mú lẹ́tà tó ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ dání, àti pẹ́ńsù, torí yíǹkì tó bá kán sára ìwé 1920 ti parí. Ìwé atọ́ka ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n á da nọ́ńbà fáìlì kọ, òṣìṣẹ́ á lọ gbé e wá. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn pé pérépéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá dà kọ, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní rí i mọ́.

Ọdún á sì kọlu ara wọn. Ìdílé á ní 1938 ni bàbá bẹ̀rẹ̀, gásẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ á ní 1946, kí wọ́n má tètè pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Iwájú ilé àbúrò bàbá ẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú tábìlì kan, ìgbà tí báńkì fẹ́ yá wọn lówó tàbí tí ìjọba fẹ́ gbéṣẹ́ fún wọn ni wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Fáìlì owó orí ọdún tó wà láàárín méjèèjì ló kù kí wọ́n béèrè.