Bí Àwo Orin Àjọkọ Ṣe Ń Jáde: Gbajúmọ̀ Kan, Àlejò Púpọ̀

Àwo orin àjọkọ ni èyí tí gbajúmọ̀ olórin kan gbé kalẹ̀, tó sì pe akọrin mìíràn wá sínú orin kọ̀ọ̀kan: oníwákà láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ kan tó ń rọ́ọ̀pù ní Ṣàgámù, olórin ẹ̀mí láti Ìkẹ́nnẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé wọ́n pé jọ sí yàrá kan ni. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwo Duets tí Frank Sinatra ṣe ní 1993, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn àlejò kọ tiwọn, ohùn àwọn mìíràn sì gba orí wáyà tẹlifóònù wọlé láti ìlú tí wọ́n wà. Ray Charles fẹ́ràn kí òun àti àlejò òun jọ dúró síwájú máíkì; àwo rẹ̀, Genius Loves Company, jáde ní 2004 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn orin Grammy 8. Ọ̀nà méjèèjì ló dára. Ohun tó ń ba irú àwo yìí jẹ́ ni kí akọrin méjì máa kọrin láìgbọ́ ara wọn, ìyẹn sì lè ṣẹlẹ̀ kódà nínú yàrá kan náà.

Ìṣòro kìíní wà nínú àṣà orin wa fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló ń lé, àwọn yòókù a máa gbè é. Àlejò kì í ṣe elégbè, nítorí náà àfi kí a pín lílé. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé onílé, ìyẹn ẹni tó ni àwo, yóò gba ẹsẹ kìíní, àlejò yóò gba ìkejì, wọn yóò wá máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn ní ẹsẹ kẹta, ègbè a sì pa wọ́n pọ̀. Ó dára kí ohùn àlejò ti hàn, ì báà jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, kí ìṣẹ́jú kìíní tó parí.

Lẹ́yìn èyí ni kíì, ìyẹn bí orin ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí, níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí orin bá gun òkè dé E4 (lẹ́tà ni orúkọ ohùn, nọ́ńbà ló ń sọ bó ṣe ga tó) lẹ́nu ọkùnrin, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń dún jù lọ. E4 kan náà yìí, àárín ohùn ọ̀pọ̀ obìnrin ló bọ́ sí, kò lágbára níbẹ̀. Bí obìnrin náà bá gbé e sókè ní odindi ọ̀kítéèfù kan (láti dò dé dò tó tẹ̀ lé e), E5 ni yóò bá ara rẹ̀, igbe ló kù. Àtúnṣe tó rọrùn ni kí kíì orin gòkè ní semitone 5 (semitone ni ìgbésẹ̀ tó kéré jù lórí dùùrù) nígbà tí obìnrin bá wọlé, kí ohùn rẹ̀ gun dé A4, kí orin tún sọ̀kalẹ̀ padà fún ọkùnrin. Tàbí kí a kọ orin mìíràn fún ẹsẹ rẹ̀ lórí ìlù kan náà. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe bíìtì rárá, kí akọrin méjèèjì kọ ìlà tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù sórí fóònù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń dáàbò bo owó sìtúdíò.

Bí àlejò bá jẹ́ alápàlà, agídìgbo ni kí a kọ́kọ́ gbọ́. Bí irin rẹ̀ bá ṣe ń dún ni yóò máa dún, a kò lè fi kọ̀ǹpútà gbé e sókè púpọ̀ kó má yí ohùn padà. Kíì orin ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlù: àwọn onílù tó dàgbà sínú ìṣe kì í fẹ́ kí click, ìró kékeré tó ń ka àkókò sí wọn létí, máa ká wọn lọ́wọ́ kò. Ẹ gba ìlù sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ wá fa ìlà tẹ́ńpò (bí orin ṣe ń yára sí) tẹ̀ lé e nínú kọ̀ǹpútà.

Ohùn èdè tún wà níbẹ̀. Nígbà tí méjì bá ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀, ohùn kejì gbọ́dọ̀ gòkè níbi tí ti àkọ́kọ́ bá gòkè, kó sì wálẹ̀ níbi tó bá wálẹ̀. Bí ìkíní bá ń lọ dò-re-mí tí ìkejì ń lọ mí-re-dò bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní kúáyà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni etí yóò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ohùn tó ń lọ lódì síra wọn wà fún “ọ̀ọ̀” àti “àà” tó gùn. Ìwé ọ̀rọ̀ orin tí a ó fi ránṣẹ́ sí àlejò gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn lórí, pàápàá bí ìlà kan bá jẹ́ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú tí àlejò kò sì gbọ́ ọ. Bákan náà, Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn ṣe, tí a bá yí retune speed rẹ̀ (bó ṣe ń yára tún un ṣe) sí 0, máa ń gé ibi tí ohùn ti ń yọ́ wálẹ̀ kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40.

Fáìlì tí a ó fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ WAV (irú fáìlì tí kò gé ohùn kù), 24-bit, 48 kHz (ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn sílẹ̀), kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ orin gan-an, kí BPM (iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan) àti kíì wà nínú orúkọ rẹ̀. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ kún iwájú orin, ohùn àlejò a sì pẹ́ wọlé. Bí sìtúdíò kejì bá ka fáìlì 44.1 kHz bí ẹni pé 48 ni, orin yóò yára, yóò sì ga ní bíi semitone kan àbọ̀. Àlejò yóò kọ odindi ẹsẹ náà sórí kíì tí kò sí níbì kankan.

Kí àlejò dúró ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí máíkì, kí ohùn tó lágbára jù má kọjá -6 dB lórí mítà, kí a má fi ìró àtúndún (echo) kankan lé e. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, híhùn 50 Hz lè wọlé. Ínfátà sàn jù. Òjò lórí páànù kò ní oògùn: ẹ dúró kó dá.

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyí. Ohùn tí onílé kọ ṣáájú láti fi tọ́ àlejò sọ́nà kì í ṣe ohùn ìkẹyìn. Nígbà tí ti àlejò bá dé, onílé gbọ́dọ̀ padà sí máíkì, kó fi ohùn àlejò sétí, kó tún tirẹ̀ kọ, nítorí ìgbà yẹn gan-an ló ń dáhùn. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ ibi tí àlejò mí sí, tí yóò fi wọlé kí gbólóhùn tó parí bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹni tó ń pa orin pọ̀ yóò wá rán ohùn méjèèjì sínú reverb (ìró tó ń jẹ́ kí ohùn dà bíi pé inú yàrá ló wà) kan ṣoṣo, kí yàrá wọn lè dà bí ọ̀kan.

Ní 1979, nígbà tí Haruna Ìṣọ̀lá ṣí Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀nà 24 (track, àyè tí a ń gba ìró kọ̀ọ̀kan sí lọ́tọ̀) ni sìtúdíò ńlá náà ní fún gbogbo ìlù àti ohùn. Kọ̀ǹpútà ti mú ìwọ̀n yẹn kúrò, kò sí àwáwí mọ́ pé kò sí àyè fún àtúnkọ.

Ìwé àdéhùn kò gba àlàyé gígùn. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ní ìpín kan. Ẹni tó ni àkásílẹ̀ ní òmíràn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i ní ọjọ́ tí àlejò kọrin, kí ẹ sì fi orúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin ní Nàìjíríà. Bí àlejò bá wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ orin, ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì ju ìlérí àlejò fúnra rẹ̀ lọ, òun ló sì máa ń pẹ́ jù.

Bí a bá fẹ́ kí àwo náà bọ́ sí àkókò Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, oṣù tó bá sì yọ ló ń sọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e fún olùpín orin, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin lọ sórí Spotify àti irú rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ó kéré tán, Spotify fẹ́ ọjọ́ 7 kí orin tó lè dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe àkójọ orin. Orin tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò bá tíì dé, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí àwo náà máa lọ. Nígbà tí ìwé bá dé, ẹ gbé orin náà jáde nìkan, kí ẹ sì lo nọ́ńbà ISRC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orin kọ̀ọ̀kan) kan náà nígbà tí ẹ bá dá a padà sínú àwo, kí iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ má baà pín sí méjì.