Mímú Àwọ̀ Eyín Ṣá: Ìdí Tí N Kò Fi Pè É Ní Bíbó Tàbí Fífọ̀

Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn yẹ èdè Yorùbá inú rẹ̀ wò. Ilé ìtọ́jú eyín kan ló ni ín, wọ́n sì fẹ́ fi kéde fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wọn pé àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní whitening, ìyẹn fífi oògùn mú kí àwọ̀ eyín mọ́lẹ̀ sí i. Ojú ewé mẹ́rin péré ni ìwé náà, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ń jẹ́ nínú rẹ̀. Lókè, ó jẹ́ "ìsọdifunfun eyín". Láàárín, ó di "eyín bíbó". Nígbà tí a ó fi dé ìsàlẹ̀, ó ti di "eyín fífọ̀ ti ìgbàlódé". Mo fa igi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kọ "mímú àwọ̀ eyín ṣá" sí ipò wọn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dá a padà: wọ́n ti yọ tèmi kúrò, wọ́n ti dá "bíbó" padà síbẹ̀, wọ́n ní òun ló yá lẹ́nu. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kò yá lẹ́nu. Ohun tó ń sọ ni mo ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbó náà. Ohun tó ní èèpo là ń bó. Bí a bá bó igi, èèpo rẹ̀ a wà nílẹ̀, igi a sì wà níhòòhò. Kódà nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan ń bó ara, ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé awọ òkè ara rẹ̀ ń lọ, a sì mọ̀ pé ìpalára ni. Ta ni yóò wá ka "eyín bíbó" tí kò ní rò pé wọ́n fẹ́ ha nǹkan kúrò lójú eyín òun? Apá òde eyín ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Bí a bá wọ̀n ọ́n, nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ èròjà líle bí òkúta, bó bá sì ti jẹ tán, kì í hù mọ́. Kò sí oníṣègùn eyín tí orí rẹ̀ pé tí yóò máa bó o nítorí ẹwà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí, ẹni tó ń fi èédú lílọ̀ gbo eyín lójoojúmọ́ ni, tàbí ẹni tó ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Ìyẹn ń bó eyín ní tòótọ́. Lọ́jọ́ tí apá òde bá sì ti fẹ́lẹ́ tán, apá inú tó pọ́n rúsúrúsú á yọjú síta, eyín á wá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó kọ ìwé yìí ti gba orúkọ iṣẹ́ apanilára, wọ́n fi sọ iṣẹ́ tiwọn tí kì í ha nǹkan kan kúrò lójú eyín.

Fífọ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí ó rí i kà pé wọ́n ń "fọ eyín fún ni kó lè funfun". Wọ́n ha ìdọ̀tí tó ti di òkúta mọ́ ìdí eyín rẹ̀ kúrò, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì oníná dán an, wọ́n sì ní ó dàbọ̀. Ó délé, ó ya ẹnu síwájú dígí, ó rí i pé eyín mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà sọ ni wọ́n ṣe fún un. Ohun tó wà lójú eyín ni fífọ̀ ń mú kúrò, nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá jà ti wọ inú lọ láti ọdún pípẹ́. Dandan ni kí a kọ́kọ́ fọ eyín kí oògùn tó lè dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ kì í ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

"Ìsọdifunfun" ló burú jù ní etí mi, nítorí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Ìwà àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ kò jinlẹ̀ àyàfi tó bá ní "ìsọdi" níwájú nìyẹn. Síbẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ tó tóbi jù ni ìlérí tó ń ṣe. Eyín ènìyàn kì í ṣe funfun. Apá òde rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú òun kọjá, àwọ̀ apá inú ni ojú sì ń rí, òun sì rèé, rúsúrúsú ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀; bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni apá òde ń fẹ́lẹ́ tí apá inú sì ń dúdú sí i. Àwọn oníṣègùn eyín ní ìtò eyín àfiṣàpẹẹrẹ 16 tí wọ́n máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ènìyàn láti mọ àwọ̀ rẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, láti A dé D, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó funfun bí ìwé, àní B1 tó mọ́lẹ̀ jù pàápàá. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú "funfun" lọ́kàn yóò bínú jáde, bí iṣẹ́ ọ̀hún tilẹ̀ dára.

"Bílíìṣì" tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè é kò ṣì wá lọ́nà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa oògùn ìfọṣọ àti ìpara ara wọlé tẹ̀lé e. "Kíkun eyín lẹ́fun" jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá, n kò ní lo àkókò lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo ṣíṣá. Ẹ mú ẹ̀wù aláró kan, kí ẹ sá a sórí okùn nínú oòrùn, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tí ẹ bá padà dé ìdí rẹ̀, èjìká tó kọjú sóòrùn á ti ṣá, abẹ́ apá á ṣì dúdú díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbo ẹ̀wù náà, ẹnikẹ́ni kò bó òwú kankan lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kùn ún. Òwú wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Aró ló ti túká. Ẹ tún wo bọ́tìnnì rẹ̀: bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rán an náà ló ṣì rí. Gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Oògùn tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide ni oòrùn ibẹ̀. Ó máa ń gba apá òde eyín wọlé láìfọ́ ọ, á tú ọ́síjìn sílẹ̀, ọ́síjìn náà á sì dojú kọ àwọn èròjà aláwọ̀ tó há sínú eyín, á gé wọn sí wẹ́wẹ́ títí tí ojú kò fi ní rí àwọ̀ lára wọn mọ́. Aró ló ṣá. Eyín wà níbẹ̀.

Bọ́tìnnì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi dí ihò eyín, ìbòrí tí wọ́n fi dé eyín, àti eyín àtọwọ́dá kì í ṣá, nítorí náà ẹni tí ó ní irú rẹ̀ níwájú ẹnu yóò rí i pé eyín tirẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, ti àtọwọ́dá sì dúró gedegbe láàárín wọn. Eyín ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ṣá, kí wọ́n tó wá fi ohun àtọwọ́dá tuntun bá àwọ̀ rẹ̀ mu, wọn a sì fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín, torí pé ọ́síjìn tó bá ṣẹ́ kù nínú eyín kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mú dáadáa.

Àwọn kan á fẹ́ kí n ya hydrogen peroxide sọ́tọ̀ kúrò lára carbamide peroxide. Èkejì kàn ń tú èkíní jáde díẹ̀díẹ̀ ni. Oògùn tó ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún carbamide peroxide kò fún wa ju nǹkan bí ìdá 3.5 hydrogen peroxide lọ. N kò ní fi ìyẹn dá wa dúró. Ohun tó wúlò fún àríyànjiyàn mi ni bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, oníṣègùn eyín kan ní Amẹ́ríkà ń fi oògùn tó ní peroxide tọ́jú èrìgì tó wú, oògùn ọ̀hún sì ń sùn mọ́ eyín lóru. Èrìgì ló ń wò, àfi bó ṣe rí i pé àwọ̀ eyín ti ń ṣá. Ọdún 1989 ni Haywood àti Heymann, oníṣègùn eyín méjì ní Amẹ́ríkà, tó kọ ọ̀nà náà jáde lẹ́sẹẹsẹ, tí gbogbo ayé oníṣègùn eyín sì wá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wù tí a gbàgbé sórí okùn náà ló tún yọjú yẹn.

Àtakò mẹ́ta ni mo ti gbà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń túmọ̀ èdè bíi tèmi bi mí pé, "Ṣé àdá lẹ fẹ́ fi ṣá a ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé bí aya rẹ̀ bá sọ fún un pé aṣọ òun ti ṣá, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí wá àdá kiri. Èkejì ni pé òfò ni ṣíṣá, pé ẹnikẹ́ni kò ní sanwó fún òfò. Àwọ̀ tí ẹni náà kò fẹ́ ló ń ṣòfò, ìdí tó fi wá nìyẹn. Mo tún fẹ́ràn pé ọ̀rọ̀ náà kì í bo òtítọ́ tí kò dùn mọ́lẹ̀, nítorí aṣọ tó ṣá ṣeé rẹ láró padà, bẹ́ẹ̀ sì ni tíì, kọfí, wáìnì pupa àti tábà yóò tún rẹ eyín bí olówó rẹ̀ bá padà sídìí wọn. Ẹ̀kẹta ni pé gbólóhùn ni tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni Yorùbá fi ń mí, ojú rẹ̀ kò sì tì mí.

Ìwé náà tún pe ara ilé wọn ní "ẹgbẹ́ aláàánú ti ilé ìwòsàn eyín ẹbí". Ẹgbẹ́ aláàánú ń pín ìtọrẹ. Ilé ìwòsàn ẹbí sì dún bí ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé tọmọdé tàgbà inú ilé kan náà ni àwọn ń tọ́jú, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ àwọn mọ ènìyàn tọ́jú. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìtọ́jú yẹn sì ṣeé fojú rí. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò, torí pé bí oògùn yìí bá gba inú ihò eyín wọlé, yóò kan iṣan inú rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Bí eyín kan ṣoṣo bá dúdú láàárín àwọn yòókù, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí iṣan rẹ̀ ti kú, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n sì ń gbà mú irú rẹ̀ ṣá, láti inú wá. Aboyún, wọ́n á ní kó dúró dìgbà tó bá bímọ. Níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, hydrogen peroxide inú oògùn tí wọ́n ń lò lórí àga wọn lè tó ìdá 25 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn a sì jó èrìgì títí yóò fi funfun bálabàla. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra fi ohun ìdáàbòbò tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹni tó wà lórí àga ti há, kò lè sọ̀rọ̀, nítorí náà nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í gbójú kúrò lára ọwọ́ àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí ẹni náà bá ti fún ọwọ́ àga mọ́ra, nọ́ọ̀sì á béèrè pé, "Ṣé ó ń kan yín?" Eyín kíkan yìí wọ́pọ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Ẹni tó ní ojú àánú tòótọ́ yóò tún sọ fún un pé omi ti gbẹ díẹ̀ lára eyín òní, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe máa rí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ.

Bí ọmọ ọdún 13 tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá bá ní òun náà ń fẹ́ ẹ, wọ́n á ní rárá. Láti ọdún 2012 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kà á léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láti lo irú oògùn yìí tí hydrogen peroxide inú rẹ̀ bá ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ títí dé ìdá 6, òfin náà sì ní oníṣègùn eyín tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ ni kó lò ó fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kíní.

Wọ́n ti tẹ ìwé náà jáde báyìí, "Eyín Bíbó" ni wọ́n sì fi lẹ́tà ńláńlá kọ sójú rẹ̀. Mo bá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pàdé láìpẹ́ yìí, mo bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó ní ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bi òun jù lọ ni pé, ọjọ́ mélòó ni èyí tí wọ́n bá bó yóò fi hù padà.