Ta ló fún ilé-ìwé láṣẹ láti gbé fọ́tò ọmọ yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Lọ́dún 2024, àjọ Human Rights Watch tú inú àkójọ ńlá kan wò. LAION-5B lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ AI kan tó ń ya àwòrán, líǹkì àwòrán tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 5. Bín-ín-tín nínú rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, síbẹ̀ wọ́n bá fọ́tò 170 tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Brazil níbẹ̀, àti 190 tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Australia. Nínú ọ̀kan, ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 3, èkejì ọmọ ọdún 4, ń rẹ́rìn-ín níwájú ògiri aláràbarà, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé wà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ àwọn méjèèjì ní kíkún, ọjọ́ orí wọn àti orúkọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wọn wà lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọn. Ìròyìn náà da ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn rú. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nìyí.

Ṣé ẹnì kan ló jí fọ́tò yẹn ni?

Kò sẹ́ni tó fọ́lẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ló ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá sì wà ní gbangba ló ń ṣà: àdírẹ́sì fọ́tò, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kókó. Ẹ̀rọ kò mọ ọmọ ta ni. Ẹni tó kọ àkọlé sábẹ́ fọ́tò ló sọ fún un. Olùkọ́ tó fara balẹ̀ tẹ orúkọ, ọjọ́ orí àti kíláàsì ti bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Tí wọ́n bá yọ fọ́tò náà, ṣé AI tó ti fi í kẹ́kọ̀ọ́ yóò gbàgbé rẹ̀?

Rárá. Wọ́n lè yọ líǹkì kúrò nínú àkójọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti jẹ ẹ́ kò ní pọ̀ ọ́.

Ilé-ìwé ọmọ mi kì í kọ orúkọ sábẹ́ fọ́tò. Kí ni mo wá ń bẹ̀rù?

Ẹ mú fọ́tò ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn kan, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Báàjì tó wà láyà aṣọ sọ orúkọ ilé-ìwé. Sáfíkéètì tí ọmọ gbé dání sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Pátákó tó wà lẹ́yìn wọn sọ kíláàsì àti déètì. Bọ́ọ̀sì tó dúró lápá òsì ní nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀, fọ́tò náà ti rojọ́ tán. Ọ̀kan ṣoṣo lè má sọ púpọ̀. Ogójì irú rẹ̀, lójú ìwé kan náà, láàárín ọdún mẹ́ta, yóò sọ ọjọ́ tí ọmọ ń ṣeré ìdárayá, ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn àti ẹnu géètì tó ń gbà jáde.

Èyí tí ojú ò rí tún wà. Bí ẹni tó ya fọ́tò bá gba kámẹ́rà fóònù rẹ̀ láyè láti máa mọ ibi tó wà, ibi tó ti yà á gan-an àti wákàtí tó yà á yóò wà nínú fáìlì. Facebook àti WhatsApp máa ń gé e kúrò bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì nítorí kó má baà ṣú, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù ilé-ìwé kì í gé ohunkóhun. Inú ètò kámẹ́rà ni wọ́n ti ń pa á, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí wọ́n tún wo orúkọ fáìlì: ẹni tó fara balẹ̀ yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú àkọlé lè ti fi orúkọ yẹn kan náà pe fáìlì.

Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù nígbà tí ọmọ wọlé. Ṣé ọ̀rọ̀ ò ti parí?

Ibí yìí ni àwọn ilé-ìwé fúnra wọn ti ń ṣìnà. Ìlà kan tó fara pamọ́ sójú ewé keje, láàárín owó bọ́ọ̀sì àti òfin irun gígẹ̀, pé “ilé-ìwé lè lo àwòrán ọmọ fún ohunkóhun”, kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda gidi máa ń dá dúró. Ó máa ń dárúkọ ibi tí fọ́tò ń lọ níkọ̀ọ̀kan: ìwé tí wọ́n ń pín nínú ọgbà, wẹ́ẹ̀bù, Facebook, ìpolówó. Àyè “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” máa ń wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé wọ́n ti bá yín máàkì “bẹ́ẹ̀ ni” sílẹ̀. Ó máa ń sọ ìgbà tó máa parí. Ẹni tó bá sì sọ pé rárá, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ gba àyè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìyọ̀ǹda tí wọ́n gbà pàápàá lè má dúró. Ní Skellefteå, lórílẹ̀-èdè Sweden, ilé-ìwé kan fi kámẹ́rà tó ń dá ojú mọ̀ rọ́pò pípe orúkọ fún akẹ́kọ̀ọ́ 22, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gba ìyọ̀ǹda o. Síbẹ̀, lọ́dún 2019, àwọn aláṣẹ ààbò dátà bu owó ìtanràn 200,000 krónà lé ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ ilé-ìwé kò lè sọ rárá fàlàlà. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó ń dá ojú mọ̀ le ju ti fọ́tò lásán lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé gbogbo fọ́ọ̀mù ti di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ìdí yẹn kan fọ́tò náà.

Kí ni òfin sọ gan-an?

Ibi tí ẹ bá ń gbé ló máa sọ. Ní Nàìjíríà, abala 31 nínú Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 ní ẹni tó bá gbára lé ìyọ̀ǹda láti lo dátà ọmọdé gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́; ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé níbẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin GDPR, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ní gbígba ìyọ̀ǹda padà gbọ́dọ̀ rọrùn bíi fífún un. Amẹ́ríkà ló yàtọ̀: lábẹ́ òfin FERPA ti ọdún 1974, ilé-ìwé lè kéde pé fọ́tò wà lára ohun tí òun lè gbé jáde, àfi tí òbí bá kọ̀wé pé òun ò fẹ́. Níbẹ̀, ẹni tó dákẹ́ ti gbà.

Bàbá gbà, ìyá ò gbà ńkọ́?

Kí ilé-ìwé kà á sí rárá títí wọ́n á fi parí rẹ̀ nílé.

Èmi ni mo ya ọmọ mi níbi eré, ọmọ ẹlòmíì sì wà nínú fọ́tò náà.

Bó bá wà nínú fóònù yín, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá gbé e síbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, ẹ ti di ilé-ìwé kejì.

Gúrúpù WhatsApp kíláàsì nìkan ni wọ́n ń fi sí. Ìyẹn ò burú, àbí?

Ó sàn ju gbangba lọ, àmọ́ kì í ṣe yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Gúrúpù òbí 40, fóònù 40 ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tọ́jú gbogbo fọ́tò tó bá wọlé fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ kan á ti gbé e sí status kílẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n fi máákà kun ojú ọmọ mi nínú fọ́tò kó tó jáde. Ṣé ó tó?

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú máákà náà kọjá, kò tó: ẹni tó bá mú fọ́tò náà mọ́lẹ̀ sí i lè rí ojú ọmọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó dí pátápátá ni kí wọ́n fi bò ó.

Mo fẹ́ kí wọ́n yọ fọ́tò ọmọ mi. Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má fẹnu sọ ọ́ lẹ́nu géètì. Kọ́kọ́ ya ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí àdírẹ́sì ojú ìwé náà àti déètì hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì, kí ẹ to líǹkì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ gbangba pé ẹ ti gba ìyọ̀ǹda yín padà, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ dárúkọ YouTube àti ìwé ìpolówó tó wà ní PDF pẹ̀lú. PDF ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ rèé: wọ́n á yọ ojú ìwé, wọ́n á gbàgbé fáìlì. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ ṣe ẹ̀dà àdírẹ́sì fọ́tò fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ti yọ ọ́, ẹ ṣí àdírẹ́sì yẹn. Bí ọmọ yín bá ṣì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, wọn ò tíì yọ nǹkan kan.

Google ní fọ́ọ̀mù tí òbí lè fi béèrè pé kí wọ́n yọ fọ́tò ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò nínú èsì ìṣàwárí. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ nìyẹn ń dí, fọ́tò ṣì wà lórí wẹ́ẹ̀bù ilé-ìwé. Bí ilé-ìwé bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín lọ sọ́dọ̀ àjọ ààbò dátà. Ní Nàìjíríà, NDPC ni.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi AI bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọdé nínú fọ́tò?

Òótọ́ ni. Ní Almendralejo, lórílẹ̀-èdè Spain, lọ́dún 2023, àwọn ọmọkùnrin ṣe bẹ́ẹ̀ sí fọ́tò àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n mọ̀. Orí ìkànnì àwọn ọmọbìnrin náà ni wọ́n ti rí fọ́tò, kì í ṣe lọ́dọ̀ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n fọ́tò ojú tó mọ́ kedere ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wá, ibi yòówù kó ti wá. Bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, kódà bí ẹ̀rí. Take It Down, ètò ọ̀fẹ́ NCMEC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, wà fún fọ́tò ìhòòhò ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n yà á: ó máa ń ṣe àmì ìdánimọ̀ fún fọ́tò náà lórí fóònù yín, àmì yẹn nìkan ló sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìkànnì tó ti gbà láti máa wá irú rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò.

Bí mo bá sọ pé rárá, ṣé wọn ò ní máa yọ ọmọ mi sẹ́yìn lójú ẹgbẹ́ rẹ̀?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń yà: ọ̀kan tí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, tí kò ní kúrò nílé-ìwé, àti ọ̀kan láti ẹ̀yìn, níbi tí orí àti ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ti hàn. Ọmọ kankan ò ní mọ èyí tó jáde. Ẹ kàn béèrè ibi tí ìwé orúkọ àwọn tó sọ pé rárá wà. Bó bá jẹ́ inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ló wà, ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ kò tíì rí i.