Bí iṣẹ́ ọnà ṣe ń dé ara ògiri hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, àti ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Èkó tó jẹ́ pé ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ni wọ́n tún jẹ́. Wheatbaker àti Bogobiri, tí méjèèjì wà ní Ìkòyí, gbajúmọ̀ fún èyí. Ọmọ Okun, ìyẹn àwa Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí, tó bá ti Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lọ sùn ní irú ibẹ̀ nítorí ìpàdé tàbí ìgbéyàwó lè bá aṣọ tó jọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń hun lára ògiri, nínú férémù, pẹ̀lú iná tí wọ́n tàn sí i lórí. Ètò méjì ló ń lọ nínú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ètò yàrá àti ètò iṣẹ́ ọnà. Ti yàrá kò le. Ti iṣẹ́ ọnà ni kì í sábà hàn sí àlejò.

Ká kọ́kọ́ mú ti yàrá kúrò nílẹ̀. Bí èèyàn bá kàn pè wọ́n pé òun ń bọ̀ láìsan nǹkan kan, hòtẹ́ẹ̀lì lè fi yàrá pamọ́ dè é di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó bá ti sanwó, tàbí tó fi káàdì báńkì dúró, wọ́n á dúró dè é di òru. Ẹni tó ń ti ìwọ̀-oòrùn Kogí bọ̀ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré, torí pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé aago báyìí ni ọkọ̀ á wọ Èkó.

Iye tí wọ́n kọ sójú ìwé kì í sábà jẹ́ gbogbo owó náà. Owó-orí VAT jẹ́ 7.5%. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gba 5% tirẹ̀ lórí owó hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan sì máa ń fi owó iṣẹ́ lé e, bíi 10%. Yàrá tí wọ́n pè ní ₦200,000 lè tipa bẹ́ẹ̀ di ₦245,000. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yanjú rẹ̀: "Ṣé gbogbo owó-orí ti wà nínú iye yìí?" Wọ́n tún máa ń gba dípọ́sítì nítorí oúnjẹ, ọtí inú fíríìjì tàbí ohun tó bá bà jẹ́. Wọ́n á dá èyí tó bá kù padà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé káàdì ni wọ́n fi dè é, báńkì lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó tú u sílẹ̀. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn náà ló ń mú iná wá bí wọ́n bá fi í sí ihò ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ti kọ ọjọ́ tí àlejò máa lọ sínú rẹ̀, nítorí náà tí ọ̀sán ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, kò ní ṣílẹ̀kùn mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ ọnà ń gbà wọ inú ilé. Hòtẹ́ẹ̀lì lè rà á. Wọ́n lè ní kí oníṣẹ́ ọnà ṣe é fún ògiri kan pàtó. Wọ́n sì lè yá a lọ́wọ́ gálárì, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n sì ń tà á, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan síra wọn. Pàṣípààrọ̀ pàápàá ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 1947, Ludwig Bemelmans ya àwòrán sára ògiri ilé ọtí hòtẹ́ẹ̀lì Carlyle ní New York, ibùgbé ọdún kan àtààbọ̀ fún òun àti ẹbí rẹ̀ ni wọ́n sì fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní hòtẹ́ẹ̀lì Chelsea ní ìlú kan náà, Stanley Bard tó ń bójú tó ilé máa ń gba àwòrán lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí kò rí owó ilé san.

Lónìí, ti yíyá ló dára jù fún àwọn oníṣẹ́ ọnà tiwa, torí pé iṣẹ́ wọn ń wà níbi tí olówó ti ń rí i, síbẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí iṣẹ́ tó kúrò ní gálárì, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á kọ gbogbo àléébù tó ti wà lára rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì fẹnu kò lórí ẹni tó máa san owó ìbánigbófò. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ máa ń ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, torí náà ẹni tó bá gbá a mú kò lè yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Inú yàrá yàtọ̀ sí gbọ̀ngán ìsàlẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló sábà ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀, kó wo ìsàlẹ̀ bébà náà dáadáa. Bí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kọ 12/50 síbẹ̀, tí ìbuwọ́lù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀dà kejìlá nínú àádọ́ta tí oníṣẹ́ ọnà fọwọ́ sí ni, ó sì níye lórí.

Aṣọ ló ṣòro jù lọ láti gbé kọ́. Àdìrẹ tí wọ́n fi aró èlú pa kò fẹ́ oòrùn rárá. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń fún aṣọ kì í sábà ju 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), ìyẹn sì kéré gan-an sí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀bá fèrèsé. A kì í kan ìṣó mọ́ aṣọ. Wọ́n á fi ọwọ́ rán aṣọ mìíràn tó lágbára mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á rán ojúbọ̀ gbọọrọ kan sí etí òkè, bí ojúbọ̀ ṣòkòtò, wọ́n á sì ki ọ̀pá bọ inú rẹ̀, kí ìwọ̀n aṣọ náà lè pín káàkiri gbogbo etí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi gíláàsì bò ó, gíláàsì náà kò gbọdọ̀ fara kan aṣọ, torí pé omi lè ṣù sáàárín wọn, kí aṣọ náà sì bu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogí gan-an ni lébẹ́ẹ̀lì. Lébẹ́ẹ̀lì tó pé máa ń sọ orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ọdún tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é àti ibi tó ti wá. Àwọn ayàwòrán ń rí èyí gbà. Àwọn ahunṣọ kì í sábà rí i. Aṣọ tí obìnrin Bùnú kan jókòó hun lórí òfì tó nàró lè máa jẹ́ "aṣọ ìbílẹ̀ Nàìjíríà" lásán lára ògiri, ìyẹn kò sì tọ́. Ó tún wá burú jù tó bá jẹ́ aṣọ ìpó. Aṣọ pupa yìí, aṣọ ìsìnkú àwọn olóyè àti àgbà ni ní Bùnú. Ẹni tó ń wá àwọ̀ pupa tó máa bá àga mu lè gbé e kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì láìmọ ohun tó gbé kọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Bùnú tó bá wọ yàrá náà kò ní lè sùn. Àlejò tó bá rí irú rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe máníjà. Máníjà á pe gálárì tàbí ẹni tó ń bá wọn ṣètò iṣẹ́ ọnà, àwọn ló sì ń tún lébẹ́ẹ̀lì kọ. Ìsọfúnni tí wọ́n nílò kò jìnnà: Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní ìwọ̀-oòrùn Kogí ní 1951, ní gálárì ńlá ní Lẹ́kí, ó sì ti ń gbé aṣọ hihun àti àdìrẹ lárugẹ láti ọdún pípẹ́.

Bí iṣẹ́ kan bá wu àlejò, kó béèrè ìwé iye owó ní ibi ìgbàlejò. Àmì pupa róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lébẹ́ẹ̀lì túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ti rà á. Owó tí àlejò bá san, gálárì àti oníṣẹ́ ọnà ló ń pín in, ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n pín in ní ìdajì-ìdajì. Kí àlejò gba rìsíìtì àti ìwé ẹ̀rí tí oníṣẹ́ ọnà buwọ́ lù. Rírà kò túmọ̀ sí àṣẹ láti máa tẹ àwòrán náà sára aago ògiri tàbí àńkárá, torí pé ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà ni ẹ̀tọ́ ẹ̀dà ṣì wà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ẹ̀dà Nàìjíríà ti 2022.

Bí àwòrán bá máa wọ ọkọ̀ lọ sílé, wọ́n lè tú u kúrò nínú férémù, kí wọ́n ká a mọ́ páìpù tó fẹ̀, kí ojú ọ̀dà sì wà níta, torí pé èyí tó bá kọjú sínú máa ń fún pọ̀, ó sì máa ń sán. Tó bá jẹ́ pé ọmọ tó wà lókè òkun ni wọ́n rà á fún, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM, kí ọjọ́ ìrìnàjò tó kò. Ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀.