Bí Ẹrù Ṣe Ń Wọ Ìpàtẹ Ńlá Lọ́ńdọ̀nù Lọ́dún 1851

Ẹni tó bá kó ẹrù wá sí Ìpàtẹ Ńlá tó wáyé ní Hyde Park, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1851, kò gbọ́dọ̀ kọ iye owó sára rẹ̀. Ì báà jẹ́ aago ògiri, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ tàbí abọ́ tánganran, òfin kan náà ló de gbogbo wọn. Òfin yìí le lára ọ̀pọ̀ oníṣòwò, torí ọjà pọ́ọ́kú ni ẹlòmíì mọ̀ ọ́n ṣe, àìwọ́n rẹ̀ gan-an sì ni ẹwà iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni gbogbo òfin yòókù dúró lé. Ìgbìmọ̀ tí Ọbabìnrin Victoria gbé kalẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1850, tí Albert ọkọ rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, kò fẹ́ kí ilé onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní Crystal Palace di ọjà. Ibi tí ayé á ti rí bí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti lọ jìnnà tó ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́.

Torí pé kì í ṣe ọjà, wọn ò gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni ààyè. Ohun tó kù ló ń náni lówó. Olùpàtẹ ló ń san owó kíkó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Òun ló ń kan tábìlì, pèpéle àti àpótí onígíláàsì tó máa to ẹrù sí. Òun náà ló ń san owó kíkó àwọn àpótí pákó tí ẹrù bá wá kúrò nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ fi ọlọ́pàá ṣọ́ ilé náà, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí iná bá jó ẹrù tàbí olè gbé e, kò kan àwọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kó lọ bá iléeṣẹ́ adójútòfò.

Ààyè yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ̀wé tọrọ tààrà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ní Manchester tàbí Birmingham gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀ kọjá. Ará ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba rẹ̀ yàn. Ẹrù tí kò bá gba ọ̀nà yẹn wá kò ní ibi tí wọ́n á gbé e sí. Lórí ìwé ìtọrọ náà, èèyàn á kọ gígùn, ìbú àti gíga ààyè tó ń fẹ́, á sì sọ bóyá orí ilẹ̀, orí tábìlì tàbí ara ògiri ló ń fẹ́ ẹ sí. Ẹ̀rọ tó bá nílò ìpìlẹ̀ lábẹ́, ibẹ̀ náà ni kó ti sọ ọ́. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá ọdún 1850 ni ìtọrọ parí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ààyè tí àwọn ará Bìrìtìkó nìkan tọrọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà fún wọn, torí ìdajì ilé náà ni ti Bìrìtìkó àti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso, ìdajì yòókù ni ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ilé tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,848 kò gbà wọ́n. Gígé ló kù. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan yan èyí tó dára jù, kí wọ́n sì dín ààyè àwọn tó kù kù. Ẹni tó ti kan àpótí onígíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ kí èsì tó dé wá rí i pé ààyè tí wọ́n fún òun kéré sí àpótí náà. Bẹ́ẹ̀ ni irin ilé ọ̀hún kò ṣeé sún: ẹsẹ̀ bàtà 24 ló wà láàárín òpó kan sí èkejì, ohun tí kò bá bá ìwọ̀n yẹn mu, ojú ọ̀nà àwọn èrò ló máa yọrí sí. Ẹrù fúyẹ́fúyẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbé lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun wá rìn lórí irú pákó ilẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò gbé èèyàn.

Òdì kejì rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà tọrọ ààyè tó pọ̀, ẹrù tí wọ́n kó wá kò kún un, ilẹ̀ sì ṣófo lójú gbogbo èrò. Ti Rọ́ṣíà, yìnyín dí ọ̀nà òkun mọ́ ọkọ̀ wọn, ìsọ̀ wọn ò sì tíì pé nígbà tí Ọbabìnrin ṣí ìpàtẹ náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni wọ́n sọ pé gbígba ẹrù máa parí.

Ìsọ̀rí 30 ni wọ́n pín ẹrù sí, lábẹ́ apá mẹ́rin: ohun tí ilẹ̀ ń mú jáde, ẹ̀rọ, ọjà tí a fi wọ́n ṣe, àti iṣẹ́ ọnà. Epo pupa láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn ohun tó wà ní apá kìíní. Àwọn ohun kan kò sì gbọ́dọ̀ wọlé rárá: ẹ̀tù, ìṣáná, ẹran ààyè, àti ohunkóhun tó máa jẹrà kí ìpàtẹ tó parí. Wáìnì àti ọtí líle kò wọlé àyàfi tí wọ́n bá fi ohun àràmàǹdà ṣe é. Àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kò láyè, àmọ́ ère gbígbẹ́ wọlé.

Ẹ̀rọ tó máa ṣiṣẹ́ lójú èrò ní ìrọ̀rùn tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ń fún un ní agbára ooru omi lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ipá rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 30 pọ́ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó lọ, láti inú bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi, tó wà ní ilé ọ̀tọ̀ níta, kí èéfín àti iná má bàa sún mọ́ gíláàsì. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá nílò ju ìyẹn lọ kò ní lè mú un ṣiṣẹ́.

Ìbẹ̀rù ńlá wà lọ́kàn àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀: lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá ti fi ohun tuntun han gbogbo ayé kó o tó gbàwé ẹ̀tọ́, ìyẹn ìwé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe irú rẹ̀, ẹ̀tọ́ náà ti bọ́. Ìwé ọ̀hún sì wọ́n gan-an. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe òfin tuntun lọ́dún 1850 fún bátànì ọjà àti lọ́dún 1851 fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ohun tó wà ní ìpàtẹ lè ní ààbò fún ọdún kan. Èrò tèmi ni pé láìsí òfin yìí, ohun tó dára jù kì bá tí kúrò nílé.

Olùpàtẹ lè fi òṣìṣẹ́ síbẹ̀ láti nu ẹrù tàbí ṣàlàyé rẹ̀, tó bá ti gba ìwé àṣẹ. Òṣìṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ pe èrò pé kí wọ́n wá rà. Kò sì sí ẹrù tó lè jáde láìgba àṣẹ.

Ìgbìmọ̀ adájọ́, tí ìdajì wọn jẹ́ ará ilẹ̀ òkèèrè, ló ń yẹ iṣẹ́ wò. Ẹni tó bá ń dá ẹjọ́ kì í bá wọn du àmì ẹ̀yẹ. Idẹ ni àmì ẹ̀yẹ náà, kì í ṣe owó: 2,918 fún iṣẹ́ tó dára, 170 péré fún èyí tó gbé ohun tuntun jáde. Ibí yìí ni iye owó tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà ti gba ẹ̀yìn wọlé, torí ẹni tó bá gbà pé pọ́ọ́kú ọjà òun ni ìwúlò rẹ̀ lè kọ iye náà sínú ìwé ẹrù tó fún ìgbìmọ̀.

Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹwàá, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní gbogbo ìgbà tí ìpàtẹ fi wà, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n ka ilé náà sí, ìdí nìyí tí ẹrù òkèèrè fi wọlé láìsan kọ́bọ̀. Èyí tó bá ń padà sílé lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ẹnì kan bá rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ibodè rẹ̀ di sísan kó tó kúrò níbẹ̀.