Ojúṣe àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé lórí inúnibíni sí àwọn Rohingya

Àwọn Rohingya jẹ́ ẹ̀yà Mùsùlùmí tí ilé wọn wà ní ìpínlẹ̀ Rakhine ní ìwọ̀-oòrùn Myanmar, lẹ́bàá ẹnubodè Bangladesh. Ọ̀rọ̀ ojúṣe àgbáyé lórí wọn dá lé ohun tí òfin àti àdéhùn gbé lé àwọn ìjọba mìíràn lọ́rùn nígbà tí ìjọba tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n bá yí padà dojú ìjà kọ wọ́n. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, tí àwọn ológun lé èyí tó ju 700,000 lọ nínú wọn sá sí Bangladesh, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ilé-ẹjọ́ àgbáyé méjì ní ìlú Hague, àti kóòtù kan ní Ajẹntínà. Gáḿbíà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, ló gbé Myanmar lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun, lẹ́yìn tí àwọn alágbára ayé ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà fún ọdún méjì.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀

Arakan ni wọ́n ń pe Rakhine tẹ́lẹ̀, Burma sì ni orúkọ Myanmar nígbà náà. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1944, àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà bá àwọn ará Japan jà ní àfonífojì odò Kaladan ní Arakan lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ débi pé kò lè dìde. Ìdílé àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé tó wà nítòsí ló fi òun àti ọmọ ogun Sàró kan pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n ń bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà gba àgbègbè náà.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ológun Ne Win ṣe òfin ọmọ-ìlú kan lọ́dún 1982, èyí tó fi ipò àkọ́kọ́ fún àwọn ẹ̀yà tí ìjọba gbà pé wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọdún 1823. Nínú ẹ̀yà 135 tí ìjọba kà, Rohingya kò sí níbẹ̀. Àjèjì láti Bangladesh ni ìjọba pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí baba àti baba baba ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ẹni tí kò níwèé gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ kó tó lè lọ sí ìlú kejì, àṣẹ náà ni yóò tọrọ kó tó gbéyàwó. Wọ́n ti lé wọn lọ́pọ̀ yanturu lọ́dún 1978, àti láàárín 1991 sí 1992, kí ti 2017 tó dé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ẹgbẹ́ oníjà kan tí wọ́n ń pè ní ARSA kọlu nǹkan bí ọgbọ̀n àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ológun dáhùn nípa dídáná sun ọ̀pọ̀ abúlé Rohingya. Wọ́n ń pa ènìyàn, wọ́n sì ń fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Marzuki Darusman ṣe alága rẹ̀ fún Àjọ Ìṣọ̀kan sọ lọ́dún 2018 pé bí a bá fi ojú tó kéré jù wò ó, àwọn tó kú kò dín ní 10,000, àti pé ó yẹ kí wọ́n wádìí ọ̀gágun àgbà Min Aung Hlaing àti àwọn mìíràn fún ìpẹ̀yàrun.

Ní abúlé Inn Din, ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n mú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Fọ́tò kan wà tí wọ́n ti kúnlẹ̀ lórí ìlà, tí wọ́n de ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Fọ́tò kejì fi òkú wọn hàn nínú kòtò kan ṣoṣo. Àwọn oníròyìn Reuters méjì tó tú àṣírí náà, Wa Lone àti Kyaw Soe Oo, gba ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Ọmọ ogun méje gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọn kò lò tó ọdún kan kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn oníròyìn náà lò ju 500 ọjọ́ lọ látìmọ́lé. Ẹni tó ròyìn ìpànìyàn pẹ́ lẹ́wọ̀n ju ẹni tó pànìyàn lọ.

Ìlérí àti ìdíwọ́ rẹ̀

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ojúṣe. Èkíní ni ìlérí tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ṣe ní New York lọ́dún 2005, pé bí ìjọba kan bá kùnà láti gba àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ ìpẹ̀yàrun àti irú ìwà ọ̀daràn bẹ́ẹ̀, àgbáyé yóò dìde nípasẹ̀ Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ìgbìmọ̀ Ààbò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti há. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún tó ní ìjókòó títí láé níbẹ̀ lè fọwọ́ kan dá ìpinnu dúró, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà kò sì fẹ́ kí wọ́n fúngun mọ́ Myanmar. Gbólóhùn alága ni Ìgbìmọ̀ náà fi sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, kì í ṣe ìpinnu tó ní agbára òfin. Kò fòfin de títa ohun ìjà fún Myanmar. Ìpinnu 2669, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 pẹ̀lú ìbò méjìlá, dá lórí ìfipágbàjọba tí àwọn ológun Myanmar ṣe lọ́dún 2021 ju ọ̀rọ̀ Rohingya lọ. Ṣáínà, Rọ́ṣíà àti Íńdíà kò dìbò.

Inú Àjọ Ìṣọ̀kan fúnra rẹ̀ kò ṣọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kan fẹ́ kí wọ́n pariwo, àwọn mìíràn ní kí wọ́n rọra bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ ìdàgbàsókè má baà dúró. Gert Rosenthal, tí wọ́n ní kó yẹ ìwà àjọ náà wò, sọ lọ́dún 2019 pé gbogbo ètò náà ló kùnà, kì í ṣe ẹnìkan. Àjọ ASEAN, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà tí Myanmar wà nínú rẹ̀, kì í dá sí ọ̀ràn abẹ́lé ọmọ ẹgbẹ́.

Èkejì ni Àdéhùn Ìpẹ̀yàrun ọdún 1948, òfin ni èyí. Ó ní kí gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí i dènà ìpẹ̀yàrun, kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe é. Ẹ̀ka kẹsàn-án rẹ̀ sì gbà kí orílẹ̀-èdè kan pe òmíràn lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé. Myanmar fọwọ́ sí i lọ́dún 1956, kò sì yọ ẹ̀ka kẹsàn-án sílẹ̀.

Ẹjọ́ Gáḿbíà

Bangladesh, tí ẹrù náà wà lórí rẹ̀, kò lè lo ẹ̀ka kẹsàn-án yìí, nítorí nígbà tí òun ń wọ inú àdéhùn náà, ó ní òun kò ní lọ sí kóòtù lábẹ́ rẹ̀ àfi bí àwọn tó ń jà bá jọ gbà. Ibẹ̀ ni Gáḿbíà ti wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gáḿbíà kò ráyè lọ sí ìpàdé Àjọ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ìsìláàmù (OIC) ní Dhaka, wọ́n sì rán Abubacarr Tambadou, mínísítà ètò ìdájọ́, dípò rẹ̀. Tambadou ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ ìpẹ̀yàrun Rwanda. Nígbà tó dé àgọ́ Cox's Bazar ní Bangladesh tó gbọ́ ìtàn àwọn ogúnléndé, ó ní kò yàtọ̀ sí èyí tí òun ti gbọ́ láti Rwanda.

Gáḿbíà gbé ẹjọ́ náà lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn OIC. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Aung San Suu Kyi, olórí ìjọba alágbádá Myanmar nígbà náà, tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel lọ́dún 1991, fúnra rẹ̀ ṣíwájú ikọ̀ Myanmar lọ sí Hague. Ó ní àwòrán tí Gáḿbíà yà kò pé, ó sì ń ṣini lọ́nà. Bí kò ṣe nínú orúkọ ẹgbẹ́ ARSA, kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà "Rohingya".

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2020, Adájọ́ Abdulqawi Yusuf, ọmọ Sòmálíà, ka àṣẹ kóòtù: kí Myanmar dènà ìpẹ̀yàrun, kó kó àwọn ológun rẹ̀ níjàánu, kó má ṣe pa ẹ̀rí run, kó sì máa mú ìròyìn wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Gbogbo adájọ́ ló fọwọ́ sí i, títí kan èyí tí Myanmar fúnra rẹ̀ yàn.

Myanmar jiyàn pé ọ̀rọ̀ kò kan Gáḿbíà, pé OIC ló fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kóòtù kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2022. Adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọ̀kan gbà pé gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn náà ni ọ̀rọ̀ kàn, ìyà ìbáà jẹ ẹ́ ní tààrà tàbí kó má jẹ ẹ́. Ṣáájú èyí, lọ́dún 2012, kóòtù kan náà ti sọ irú rẹ̀ lórí àdéhùn mìíràn, nínú ẹjọ́ Bẹ́ljíọ̀mù àti Sẹ̀nẹ̀gà lórí Hissène Habré, ààrẹ Chad tẹ́lẹ̀. Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà yìí nígbà tó pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ ní òpin ọdún 2023. Ní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ìgbẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn náà gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àwọn ológun ló ṣojú fún Myanmar níbẹ̀. Wọ́n ti ti Suu Kyi mọ́lé nígbà ìfipágbàjọba oṣù Kejì ọdún 2021.

Àwọn ilé-ẹjọ́ mìíràn

Ilé-ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé (ICC) ń ṣèwádìí ènìyàn, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Myanmar kò sí nínú àdéhùn tó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n Bangladesh wà níbẹ̀. Lọ́dún 2018 àwọn adájọ́ sọ pé ìlékúrò-nílùú kì í parí títí ẹni tí wọ́n lé yóò fi tẹ ilẹ̀ òdìkejì, nítorí náà apá kan ẹ̀ṣẹ̀ náà wáyé ní Bangladesh. Fatou Bensouda, ọmọ Gáḿbíà, ni agbẹjọ́rò àgbà tó béèrè ìtumọ̀ yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Karim Khan tó gba ipò rẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ láti mú Min Aung Hlaing. Kóòtù Ajẹntínà ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ síta ní oṣù Kejì ọdún 2025. Amẹ́ríkà pe ìwà náà ní ìpẹ̀yàrun ní oṣù Kẹta ọdún 2022.

Ẹrù àwọn ogúnléndé

Èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ ń gbé ní àgọ́ Cox's Bazar, lábẹ́ ilé ọparun àti tapólì. Bangladesh kò fọwọ́ sí Àdéhùn Ogúnléndé ọdún 1951, kò sì fẹ́ kí wọ́n kọ́lé tó máa pẹ́. Owó ilẹ̀ òkèèrè ló ń bọ́ wọn. Lọ́dún 2023, nígbà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn, àjọ oúnjẹ àgbáyé WFP gé owó oúnjẹ ẹnìkan lóṣù láti dọ́là 12 sí 10, lẹ́yìn náà sí 8. Sẹ́ńtì 27 nìyẹn lójúmọ́. Wọ́n gbé e sókè padà lọ́dún 2024.

Àdéhùn ìpadàbọ̀ tí Bangladesh àti Myanmar ṣe ní ìparí 2017 kò mú ẹnikẹ́ni délé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Myanmar gba orúkọ ènìyàn 3,450 wọlé. Bọ́ọ̀sì dúró, àwọn òṣìṣẹ́ dúró, kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀. Ìwé ọmọ-ìlú ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́. Nígbà tí ogun láàárín àwọn ológun àti Arakan Army, ẹgbẹ́ oníjà àwọn ẹ̀yà Rakhine, tún gbóná ní Rakhine lọ́dún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn tún sọdá odò Naf tó wà ní ẹnubodè wá bá wọn.